Iná Tí Ó Ń Ṣẹ́jú Kí Ó Tó Tàn: Bí A Ṣe Lè Mọ Ohun Tí Ó Ń Ṣe É

Àwọn àgbà ní òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Olùkọ́ tí ó ń múra iṣẹ́ ọ̀la àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò, ọ̀kan náà ni wọ́n níwájú òkùnkùn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí a sì tẹ súwíìṣì, òkè àjà ni ojú gbogbo wa máa ń lọ. Bí ó bá jẹ́ gílóòbù ni a fi sí yàrá, yóò tàn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n iná gígùn tí à ń pè ní flọ́rẹ́sẹ́ǹtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn yóò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó tàn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ènìyàn á ti bọ́ bàtà, á ti bọ́ aṣọ, á ti bu omi mu, iná náà yóò sì wà níbẹ̀ tí yóò máa tàn, tí yóò máa kú.

Oríṣiríṣi ni ohun tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe sí irú iná bẹ́ẹ̀. Àwọn kan a gbé igi, wọn a fi gbá ọ̀pá iná náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń jí ọmọ tí ó sùn. Àwọn mìíràn a máa tan súwíìṣì, wọn a máa pa á, títí ọwọ́ yóò fi ro wọ́n. Àwọn tí ó ní owó lọ́wọ́ a lọ sí ọjà, wọn a ra ọ̀pá tuntun. Bí wọ́n bá gbé e sí i tí kò sí ìyàtọ̀, wọn a ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Ẹni tí kò wádìí ohun tí ó ń ṣe aláìsàn kí ó tó lọ ra oògùn, àfàìmọ̀ kí ó má ra oògùn orí fún ẹni tí inú ń run.

Ohun tí a fẹ́ fi yé ẹ̀yin òǹkàwé wa nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Iná tí ó ń pẹ́ kí ó tó tàn kò dákẹ́. Ó ń fi àmì sọ ohun tí ó ń ṣe é. Ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ àwọn àmì wọ̀nyí kò ní fi owó ọ̀pá tuntun wo àrùn tí sítátà kékeré lè wò, kò sì ní fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu lórí àga níbi tí ó ti ń tọ́ ohun tí kò yẹ kí ó fọwọ́ kàn.

ÀWỌN Ẹ̀YÀ ARA INÁ NÁÀ

Ní ọdún 1938 ni ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú iná yìí. Láti ìgbà náà ni ó ti tàn kálẹ̀ dé ilé ìwé, ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀bù àti ilé gbígbé, nítorí pé ó ń mú ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wá ju gílóòbù olówùú àtijọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ iná púpọ̀ tó o. Lóde òní iná LED ti ń gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì pọ̀ nínú àwọn ilé tí a ti kọ́ tipẹ́ àti nínú àwọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa.

Ẹ̀yà mẹ́rin pàtàkì ni ó ní. Èkíní ni ọ̀pá gíláàsì fúnra rẹ̀. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì fi gáàsì díẹ̀ tí ń jẹ́ ágọ́nì rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú mákúrì ín-ín-nín, èyí tí í ṣe irin tí ó ń ṣàn bí omi. Ìyẹ̀fun funfun ni wọ́n fi ra ara gíláàsì náà nínú. Ní ẹnu ọ̀pá náà lọ́tùn-ún àti lósì ni wáyà tín-ín-rín kan wà tí a wé bí ọ̀já. A ó máa pe wáyà yìí ní òwú, nítorí iṣẹ́ tí òwú ń ṣe nínú fìtílà ni ó fara jọ. Wọ́n fi nǹkan funfun kan ra ara òwú náà, èyí tí ó ń jẹ́ kí ó rọrùn fún iná láti fò jáde lára rẹ̀.

Ẹ̀kejì ni ṣóòkù. Wáyà púpọ̀ tí a wé mọ́ irin ni, ó sì máa ń wúwo lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni sítátà, agolo kékeré tí kò ju àtàǹpàkò ọkùnrin lọ, tí ó ní orí irin méjì ní ìdí. Ẹ̀kẹrin ni họ́dà tí ó di ọ̀pá mú ní ẹnu méjèèjì, pẹ̀lú èyí tí a ń ki sítátà bọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ọ̀pá dáadáa nítorí pé òun ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá ń pẹ́ tàn, àwọn mẹ́ta tí ó fara pamọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè.

BÍ Ó ṢE Ń TÀN

Ẹni tí kò bá mọ bí ara líle ti rí kò lè mọ àìsàn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí iná tí ara rẹ̀ yá ṣe ń tàn.

Nígbà tí a bá tẹ súwíìṣì, iná mànàmáná kò lè gba inú ọ̀pá kọjá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀nà náà jìn, òwú ṣì tutù, 220 sí 240 fólítì tí ń wọ ilé wa kò sì tó láti fi ipá la inú ọ̀pá tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4 já. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó ṣí sílẹ̀ ni ti sítátà. Iná á gba inú ṣóòkù, á gba òwú kìn-ín-ní, á sì dé inú sítátà.

Nínú sítátà, gíláàsì kékeré kan wà tí gáàsì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ méjì tí wọn kò kan ara wọn. Gáàsì yìí á tàn fẹ́ẹ́rẹ́, á sì gbóná. Ọ̀kan nínú àwọn irin náà jẹ́ oríṣi irin méjì tí a lẹ̀ pọ̀. Bí ooru bá mú wọn, ọ̀kan a máa gùn ju èkejì lọ, nítorí náà irin náà á tẹ̀, á sì lọ kan ẹnìkejì rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kanra báyìí, iná rí ọ̀nà tààrà; á ṣàn dé òwú kejì, òwú méjèèjì á sì gbóná, wọn á pọ́n. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí i pé ẹnu ọ̀pá méjèèjì ń pọ́n kí àárín tó tàn.

Ní àkókò tí irin méjèèjì fi kanra, gáàsì inú sítátà kò tàn mọ́, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Irin tí ó tẹ̀ á na padà, á fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ṣóòkù ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ṣóòkù kì í fẹ́ kí iná tí ń ṣàn nínú rẹ̀ dúró lójijì. Bí ọ̀nà bá já mọ́ ọn lójú, á ta agbára ńlá kan jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó tó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún fólítì. Agbára yìí ni ó ń la inú ọ̀pá já láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, iná á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nínú ooru mákúrì. Ìmọ́lẹ̀ tí mákúrì ń mú jáde, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ojú wa kò lè rí. Ìgbà tí ó bá kọlu ìyẹ̀fun ara gíláàsì ni ìyẹ̀fun náà á sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ funfun tí a fi ń kàwé.

Àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá ti mojú ọkọ, alárinà á yẹ̀bá. Alárinà gan-an ni sítátà. Òun ni ó ń mú òwú méjèèjì mọ ara wọn. Bí iná bá ti tàn, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Agbára tí ó kù sí ìpẹ̀kun méjèèjì ọ̀pá tí ó ti tàn máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdajì tàbí kí ó máà tó ìdajì èyí tí ń wọ ilé, kò sì tó láti jí sítátà mọ́. Bí a bá tilẹ̀ yọ sítátà kúrò nígbà náà, iná náà kò ní kú. Ṣùgbọ́n ṣóòkù kò lè yẹ̀bá ní tirẹ̀. Bí ọ̀nà inú ọ̀pá bá ti là, iná á fẹ́ máa sáré lọ láìní ìjánu, á sì ba ọ̀pá jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ṣóòkù ni ìjánu tí ó ń mú un rìn jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ méjì nìyí lọ́wọ́ ẹnìkan: òun ni ó ń ta iná jí, òun náà ni ó ń kó o ní ìjánu.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Iná ilé wa máa ń lọ síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí irin sítátà bá ṣí ní ẹsẹ̀kẹsẹ̀ tí iná lọ sílẹ̀ pátá, agbára tí ṣóòkù yóò ta kò ní tó nǹkan, ọ̀pá kò sì ní tàn. Sítátà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Alárinà tí ó lọ kan ilẹ̀kùn, tí kò bá onílé, àfi kí ó padà lọ. Nítorí náà, bí iná yín bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó tàn, ara rẹ̀ le. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́, ó yẹ kí a wádìí.

ÀWỌN OHUN TÍ Ó LÈ FÀ Á, ÀTI ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀ WỌ́N

(a) Iná tí ń wọlé kò lágbára. Èyí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, nítorí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ wo àkókò tí iná náà máa ń pẹ́ tàn. Ṣé aago méje sí mẹ́wàá alẹ́ ni, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń lo iná? Ṣé bí ó bá di òru tàbí ọ̀sán ó máa ń tàn geere? Ǹjẹ́ fáànù ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ ní àkókò kan náà, tí gílóòbù sì ń pọ́n bí ẹyin? Ǹjẹ́ gbogbo iná gígùn tí ó wà nínú ilé ni ó ń ṣẹ́jú? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, iná yín kò jẹ̀bi. Sítátà nílò agbára kí gáàsì inú rẹ̀ tó lè tàn, ṣóòkù nílò agbára kí ó tó lè ta ọ̀pá jí. Bí fólítì bá lọ sílẹ̀ jù, òwú lè máa pọ́n láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀gànjọ́ kí àárín ọ̀pá máà tàn. Bí a bá pààrọ̀ ọ̀pá mẹ́wàá, bákan náà ni. Ẹ̀rọ tí ń gbé fólítì sókè, ìyẹn sítébíláísà, lè ran ilé lọ́wọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ni ó kàn, kí àdúgbò pawọ́ pọ̀ kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná fún wọn.

(b) Sítátà ti gbó. Bí agbára tí ń wọlé bá dára, tí ó sì jẹ́ iná kan ṣoṣo ni ó ń ṣẹ́jú léraléra, sítátà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó máa ń gbà ṣàìsàn. Ní àkọ́kọ́, ó lè máa kan irin rẹ̀ pọ̀ kí ó sì máa jánu kíákíá jù, kí òwú tó gbóná. Iná á máa ṣẹ́jú láìtàn. Ẹ̀kejì, irin méjèèjì lè lẹ̀ mọ́ ara wọn láìní jánu mọ́. Àmì èyí ni pé ẹnu ọ̀pá méjèèjì á pọ́n, wọn kò sì ní ṣẹ́jú rárá, àárín á ṣókùnkùn. Ẹ má ṣe fi iná bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, nítorí òwú tí ń pọ́n láìdáwọ́ dúró ń jó ara rẹ̀ run. Ẹ̀kẹta, sítátà lè kú pátápátá, kí ohunkóhun máà ṣẹlẹ̀ bí a ti tẹ súwíìṣì.

Sítátà kò wọ́n, ó sì rọrùn láti pààrọ̀. A ó pa iná, a ó tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀, a ó yí i sí ọwọ́ òsì, yóò jáde. Bí a bá fẹ́ dá tuntun padà, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó yí i sí. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí a kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Èyí tí ó wà fún ọ̀pá kan lórí iná ilé wa sábà máa ń ní 4–65W àti 220–240V lára. Òmíràn wà tí a kọ 4–22W sí, tí a ṣe fún ọ̀pá kéékèèké méjì tí ó jọ ń lo ṣóòkù kan tàbí fún ibi tí iná rẹ̀ jẹ́ 110 sí 130 fólítì. Bí ẹ bá fi ọ̀kan sí ipò èkejì, ẹ ti dá àìsàn tuntun sílẹ̀.

(d) Họ́dà kò di ọ̀pá mú dáadáa. Eruku ọyẹ́, ìpẹtà, àti ooru ọdún púpọ̀ a máa ba họ́dà jẹ́. Àmì rẹ̀ ni pé iná lè tàn bí ènìyàn bá fọwọ́ kan ọ̀pá tàbí bí atẹ́gùn bá mì í. Àwọn tí wọ́n ń fi igi gbá ọ̀pá, tí ó sì ń tàn fún wọn nígbà mìíràn, họ́dà wọn ni wọ́n ń bá wí láìmọ̀. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a pa iná, kí a yí ọ̀pá náà jáde, kí a fi aṣọ gbígbẹ nu orí irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a sì dá a padà, kí a yí i títí yóò fi jókòó. Bí họ́dà bá ti sán tàbí tí ó ti jóná, a ó pààrọ̀ rẹ̀.

(e) Ọ̀pá ti darúgbó. Ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bí ó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, ohun funfun tí a fi ra ara òwú ti jó tán, ó sì ti lọ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Òwú bẹ́ẹ̀ kò lè tú iná jáde bí ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀pá náà á máa pẹ́ tàn. Bí ó bá tàn pàápàá, yóò máa ṣẹ́jú, yóò sì tún máa kú. Kì í ṣe gbogbo dúdú ni ó burú o. Òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀pá kì í ṣe àrùn. Bákan náà, bí ẹ bá rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń yípo bí ejò nínú ọ̀pá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ ní sùúrù. Ó sábà máa ń fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti lò ó fún wákàtí mélòó kan.

Ibí ni a ti rí ohun tí ó ń pa owó púpọ̀ run nínú ilé. Gbogbo ìgbà tí iná bá ṣẹ́jú ni ó ń jẹ díẹ̀ nínú ohun funfun ara òwú. Ọ̀pá tuntun tí a gbé lé sítátà tí kò dára, ó ń ṣẹ́jú ní ogún ìgbà kí ó tó tàn lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń jẹ ọjọ́ ayé rẹ̀ tán ni. Sítátà olówó pọ́ọ́kú ń pa ọ̀pá olówó gọbọi. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ iná tí ó mọ iṣẹ́ fi máa ń pààrọ̀ sítátà ní ọjọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ ọ̀pá.

(ẹ) Ṣóòkù ti ń bàjẹ́, tàbí kò bá ọ̀pá mu. Ṣóòkù kì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá bàjẹ́, ewu wà níbẹ̀. Àmì rẹ̀ ni kíkùn tí ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òórùn ohun tí ń jóná, àti kí irin iná náà gbóná tí ọwọ́ kò fi lè gbà á. Bí ẹ bá gbé ọ̀pá tuntun sí i, tí ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó sì kú, ẹ má gbé ẹlẹ́ẹ̀kejì sí i. Ìjánu ti já. Gbogbo ọ̀pá tí ẹ bá gbé síbẹ̀ ni yóò kú. Ó sì yẹ kí ṣóòkù bá ọ̀pá mu: ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 2 máa ń jẹ́ 18W tàbí 20W, ti ẹsẹ̀ bàtà 4 máa ń jẹ́ 36W tàbí 40W. Ẹ fi iye tí a kọ sára ọ̀pá wé ti ara ṣóòkù. Iṣẹ́ ṣóòkù kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò kọ́ ọ. Ẹ pe rìwáyà.

Àwọn iná kan wà tí wọn kò ní sítátà rárá. Ẹ̀rọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi rọ́pò ṣóòkù àti sítátà nínú wọn. Bí irú èyí bá ń pẹ́ tàn, lẹ́yìn tí a bá ti wo agbára iná, họ́dà àti ọ̀pá, ẹ̀rọ náà ni ó kù tí a ó fura sí.

BÍ A ṢE Ń DÁ ẸJỌ́ NÁÀ

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí a má wo ojú ọ̀pá nìkan kí a sì dá a lẹ́bi. Bí ilé bá ní iná méjì tí ó jọra, tí ọ̀kan ń tàn geere tí èkejì ń ṣẹ́jú, ẹlẹ́rìí ti wà nílẹ̀. Ẹ tẹ̀lé ètò yìí:

1. Ẹ wo agbára iná tí ń wọlé gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé. Bí gbogbo iná ilé bá ń ṣẹ́jú, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má ra ohunkóhun.

2. Ẹ pa iná gbogbo ilé láti ibi mítà. Ẹ yọ sítátà iná tí ó ń ṣàìsàn àti ti èyí tí ara rẹ̀ le, ẹ fi wọ́n pààrọ̀ ara wọn, ẹ sì tan iná padà. Bí àrùn náà bá bá sítátà lọ sí ìhà kejì, sítátà ni ó jẹ̀bi. Bí ó bá dúró síbi tí ó wà, ọwọ́ sítátà mọ́.

3. Ẹ tún pa iná. Ẹ nu họ́dà àti orí irin ọ̀pá, ẹ sì yí ọ̀pá jókòó dáadáa. Ẹ tún dán an wò.

4. Bí kò bá yí padà, ẹ gbé ọ̀pá tí ń ṣàìsàn lọ sára iná tí ara rẹ̀ le. Bí ó bá ṣẹ́jú níbẹ̀ náà, ọ̀pá ni. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀pá aláìsàn ni a ń gbé lọ sí ilé alára líle. A kì í gbé ọ̀pá tí ó dára lọ sára ṣóòkù tí a ń fura sí, kí ó má baà pa á.

5. Bí ọ̀pá bá tàn dáadáa níbẹ̀, ó ku ṣóòkù àti wáyà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi iṣẹ́ lé oníṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà yóò ti lè sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, a ti wo sítátà, a ti wo ọ̀pá, a ti wo họ́dà." Oníṣẹ́ tí ó jẹ́ olóòótọ́ yóò yọ̀, èyí tí kì í ṣe olóòótọ́ yóò mọ̀ pé ojú yín là.

ÌKÌLỌ̀

A kì í bá iná ṣeré. Pípa súwíìṣì ara ògiri nìkan kò tó. Nínú àwọn ilé kan, ẹni tí ó fa wáyà gbé súwíìṣì sórí wáyà tí kò yẹ, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá pa á, iná ṣì wà ní òkè lọ́hùn-ún. Bí ọ̀pá yín bá ń tàn fírífírí lẹ́yìn tí ẹ ti pa á, ó lè jẹ́ àmì èyí. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ pa á láti ibi mítà. Ẹ má fi ọwọ́ tútù ṣe é, ẹ má dúró lórí ilẹ̀ tí omi wà, ẹ má sì gun àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Bí ilé bá ní jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì ẹ̀rọ oòrùn, ẹ pa ìyẹn náà.

Ohun kejì ni mákúrì. Ó kéré nínú ọ̀pá kan, ṣùgbọ́n májèlé ni. Bí ọ̀pá bá fọ́, kí ọmọdé jáde, kí a ṣí fèrèsé, kí a sì fi yàrá náà sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ìgbálẹ̀ á tú u káàkiri ni. Páálí líle ni kí ẹ fi kó o, kí ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, kí ẹ sì dì í sínú ohun tí ó ní ìdérí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ọ̀pá òkú ṣe idà ní àkìtàn.

Nítorí mákúrì yìí kan náà ni ọjọ́ irú iná yìí fi ń lọ sópin. Ní ọdún 2013 ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn Minamata, tí a fi sọ orí ìlú kan ní Japan tí mákúrì ti ba ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà. Ní ọdún 2023, wọ́n fẹnu kò pé kí ṣíṣe ọ̀pá flọ́rẹ́sẹ́ǹtì àti kíkó o láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn dópin nígbà tí ọdún 2027 bá fi máa parí. Ọ̀pá tí ń bẹ lókè àjà kò ní ṣàdédé kú ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n arọ́pò rẹ̀ yóò máa wọ́n sí i. Nítorí náà, ẹ tọ́jú èyí tí ó dára. Bí ó bá sì kú ní tòótọ́, ẹ ronú sí LED. Ẹ má kàn gbé ọ̀pá LED sí ipò ti àtijọ́ láìka ìwé tí ó bá a wá, nítorí àwọn kan nílò sítátà tiwọn, àwọn mìíràn sì nílò kí a tún wáyà wọn fà.

ÌPARÍ

Bóyá ẹnìkan yóò bi wá pé, kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá pẹ̀lú ṣóòkù àti sítátà? Ìdáhùn wa kò gùn. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àwọn rìwáyà ní ilẹ̀ wa, Yorùbá ni ọ̀gá fi ń bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ń wí fún un pé, "Yọ èyí, ki tọ̀hún bọ̀ ọ́." Ọmọ náà mọ ohun tí ó ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í sábà mọ ìdí rẹ̀, nítorí inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ìdí náà pamọ́ sí. Ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń ṣe é tí kò mọ ìdí rẹ̀, bí àrùn tuntun bá dé, ó di dandan kí ó máa fi ọwọ́ tálẹ̀ nínú òkùnkùn. Òkùnkùn tí iná mànàmáná wà nínú rẹ̀ sì lè gba ẹ̀mí.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Iṣẹ́ náà kò yẹ kí ó dúró sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èdè tí ó ní òwú fún ohun tí ń gbóná, ìjánu fún ohun tí ń sáré, àti alárinà fún ẹni tí ń so méjì pọ̀ tí ó sì ń yẹ̀bá, kò ṣe aláìní ohun tí yóò fi ṣàlàyé iná. Ó ku ọwọ́ àwa tí a ń kọ́ èdè náà.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá délé ní ìsinmi, tí iná yàrá àwọn òbí yín sì ń ṣẹ́jú, ẹ má sáré lọ ra ọ̀pá. Ẹ kọ́kọ́ wo aago, ẹ wo fáànù, ẹ wo ẹnu ọ̀pá, kí ẹ tó pa iná láti ibi mítà, kí ẹ sì bi alárinà léèrè ọ̀rọ̀. Kí Ọlọ́run má pa iná ayọ̀ ilé wa. Àṣẹ.